Ṣé wẹ́fíà náà lo fẹ́ fi ọdún mẹ́rin kọ́?

Nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gba ìwé pé yunifásítì ti mú un láti lọ kọ́ iṣẹ́ tí òyìnbó ń pè ní social work, inú ìyá rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dùn. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Ṣé wẹ́fíà náà lo fẹ́ fi ọdún mẹ́rin kọ́?" Ọmọ náà wojú mi pé kí n gba òun. Mo bá wọn dá sí i díẹ̀ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé àlàyé mi kò wọ ẹ̀gbọ́n mi létí. Ẹ̀bi rẹ̀ kọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, ohun mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ wẹ́fíà sí: ibi tí obìnrin ń fi ẹjọ́ ọkọ tí kò gbọ́ bùkátà ọmọ sùn, ibi tí wọ́n ń mú ọmọ tó sọnù lọ, àti àwọn tó ń wá pín ìrẹsì àti òróró fún àwọn opó tí ọdún bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Kí ló wá kù níbẹ̀ tí èèyàn máa fi ọdún mẹ́rin kọ́?

Wàhálà mìíràn tún dé ní ọdún kejì. Ọmọ náà pè sílé pé wọ́n ti fi òun ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka òun. Kàkà kí ìyá rẹ̀ kí i kú oríire, ariwo ló fi bọnu: "Ẹgbẹ́ kẹ̀? Èmi ò bí ọmọ ẹgbẹ́ o!" Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Látìgbà tí ẹgbẹ́ òkùnkùn ti gbilẹ̀ láwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga wa, kò sí òbí tó fẹ́ gbọ́ kí wọ́n pe ọmọ òun ní ọmọ ẹgbẹ́.

Mo fẹ́ rọra tú ọ̀rọ̀ méjèèjì palẹ̀. Ìgbésí ayé obìnrin kan ni màá fi tú u, torí pé lójú tèmi, mi ò tíì rí ẹni tí iṣẹ́ wẹ́fíà àti ìdarí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wọnú ara wọn bíi tirẹ̀. Dorothy Height ni orúkọ rẹ̀, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà. Ọjọ́ 24 oṣù Kẹta ọdún 1912 ni wọ́n bí i ní Richmond, ní ìpínlẹ̀ Virginia. Ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin ọdún 2010 ló kú, lẹ́ni ọdún 98.

Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ kó lọ sí Rankin, ìlú kékeré kan lẹ́bàá Pittsburgh tí wọ́n ti ń rọ irin. Nọ́ọ̀sì ni ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n ọsibítù ibẹ̀ kì í gba nọ́ọ̀sì aláwọ̀ dúdú, iṣẹ́ inú ilé onílé ló padà ń ṣe. Ọmọdé ni Dorothy nígbà tó lọ lúwẹ̀ẹ́ ní ilé YWCA, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́bìnrin Kristẹni, ní Pittsburgh, tí wọ́n ní ọmọ aláwọ̀ dúdú kò gbọdọ̀ wọ inú omi àwọn. Kò sunkún padà sílé. Ó ní kí wọ́n mú òun lọ bá ọ̀gá wọn. Ọ̀gá náà kò yí ọ̀rọ̀ padà, àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi orúkọ YWCA yìí sọ́kàn ná.

Ẹnu rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbé e jáde ní Rankin. Nígbà tó wà nílé ẹ̀kọ́ girama, ó wọ ìdíje ọ̀rọ̀ sísọ tí ẹgbẹ́ Elks ti àwọn aláwọ̀ dúdú ń ṣe lórí ìwé òfin Amẹ́ríkà. Àwọn àtúnṣe òfin tó fòpin sí ẹrú tó sì sọ aláwọ̀ dúdú di ọmọ onílùú ló sọ̀rọ̀ lé lórí. Òun ló gba ipò kìíní ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà, ẹ̀bùn rẹ̀ sì ni owó tí yóò fi lọ yunifásítì fún ọdún mẹ́rin. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Barnard ní New York gbà á ní 1929. Nígbà tó débẹ̀, wọ́n ní aláwọ̀ dúdú méjì làwọn ń gbà lọ́dún, àwọn méjèèjì sì ti pé; kó lọ dúró de àsìkò mìíràn. Ọmọbìnrin yìí mú lẹ́tà tí Barnard fi gbà á dání, ó rìn lọ sí Yunifásítì New York, wọ́n sì gbà á wọlé níbẹ̀. Nítorí pé ọdún mẹ́rin péré ni owó ẹ̀bùn náà lè tó, ọdún mẹ́ta ló fi gba oyè àkọ́kọ́ ní 1932, ó sì gba oyè kejì lórí ìmọ̀ nípa bí ọkàn ọmọ ènìyàn ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́ ní 1933. Lẹ́yìn náà ló tún lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i ní ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ wẹ́fíà ní New York.

Ìbéèrè ẹ̀gbọ́n mi wá nìyí: kí ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀?

Kí iṣẹ́ yìí tó di ohun tí wọ́n ń kọ́ ní kíláàsì, àánú ni. Olówó ń ta tálákà lọ́rẹ, ìjọ ń bọ́ opó. Ohun tó yí i padà ní Amẹ́ríkà ni pé àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé ẹni tí wọ́n fún lóúnjẹ lọ́dún yìí tún padà wá lọ́dún tó ń bọ̀, pẹ̀lú ọmọ kan sí i. Jane Addams àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ ń gbé láàárín àwọn tálákà ní Chicago ní 1889, nínú ilé tí wọ́n ń pè ní Hull-House, kí àwọn lè fojú ara àwọn rí ohun tó ń ṣe àdúgbò náà. Mary Richmond ní tirẹ̀ gbé ìwé jáde ní 1917 tó fi ìlànà lélẹ̀ nípa bí òṣìṣẹ́ ṣe ń wádìí ọ̀rọ̀ ìdílé kan kó tó dá sí i, bí dókítà ṣe ń yẹ ara wò kó tó kọ oògùn. Ọ̀nà méjèèjì yìí náà ni wọ́n ṣì ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dòní: ọ̀kan ń wo ẹni tó jókòó níwájú rẹ, èkejì ń wo àdúgbò tó ti wá.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa gbé e. Ká ní ọmọbìnrin ọdún mẹ́wàá kan wà ní Mushin tí kì í lọ sílé ìwé déédéé. Aláàánú gbọ́, ó ra yúnífọ́ọ̀mù, bàtà àti àpò ìwé fún un. Ó ṣe dáadáa. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ọmọ náà kò tún lọ mọ́. Òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ kì í ti ọ̀rọ̀ yúnífọ́ọ̀mù bẹ̀rẹ̀. Ó lọ sílé wọn, ó jókòó lórí àpótí tí wọ́n fún un, ó béèrè pé ta ló ń jí kọ́kọ́ nínú ilé yìí. Ìyá ọmọ ní aago mẹ́rin ìdájí lòun ń jí láti lọ ẹ̀wà àkàrà tí òun ń dín ní bọ́sítọ́ọ̀bù. Ọmọ ọwọ́ tó wà nílé ńkọ́, ọ̀dọ̀ ta ló ń wà? Ẹnu ìyá wá wọlé. Ọ̀dọ̀ ọmọ ọdún mẹ́wàá yẹn ni. Ohun tó ń lé ọmọ kúrò nílé ìwé kì í ṣe aṣọ, àìrí ẹni gbé ọmọ ọwọ́ ni. Òṣìṣẹ́ yóò jókòó pẹ̀lú ìyá náà, wọn yóò jọ wá aládùúgbò tó lè gba ọmọ ọwọ́ sọ́dọ̀ títí di aago mẹ́jọ, yóò bá olùkọ́ sọ̀rọ̀, yóò kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ nínú fáìlì, yóò sì padà wá lọ́sẹ̀ méjì wò ó bóyá ó ṣiṣẹ́. Ìyá ló máa pinnu. Ẹni tó ń bá a ronú ni òṣìṣẹ́ jẹ́. Bí ó bá wá rí i pé ilé mẹ́wàá ló ní ìṣòro kan náà ní òpópónà yẹn, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ìyá kan. Àdúgbò náà nílò ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọ ọwọ́ láti ìdájí. Níbẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti máa ń le, torí pé ẹni tó ń pín ìrẹsì kì í bá ìjọba ìbílẹ̀ fa ọ̀rọ̀.

Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Dorothy Height bẹ̀rẹ̀ ní 1934, lábẹ́ ẹ̀ka wẹ́fíà ìjọba ìlú New York. Àsìkò tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀ ni. Àwọn ìdílé tí wọ́n fi sábẹ́ rẹ̀ ló ń lọ bẹ̀ wò nílé, láti mọ ẹni tó tọ́ sí ìrànwọ́ ìjọba àti ohun tó ń ṣe é gan-an. Ní oṣù Kẹta ọdún 1935, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Harlem, àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ebi nìkan. Ilé gbígbé wọ́n, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń rajà kò gbà wọ́n síṣẹ́, inú wọn sì kún.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ ṣẹlẹ̀ láìpẹ́ sí ìgbà tó lọ ṣiṣẹ́ ní YWCA Harlem ní 1937. Bẹ́ẹ̀ ni, YWCA tí wọn kò jẹ́ kó lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Ara iṣẹ́ rẹ̀ ni láti tọ́jú ilé tí àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń wá iṣẹ́ wá sí New York ń gbé. Láàárọ̀, àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú máa ń dúró ní àwọn ìkóríta kan ní Bronx àti Brooklyn, tí wọ́n jẹ́ apá ìlú New York, oníkálukú pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ nínú àpò bébà. Àwọn ìyàwó ilé yóò wá wò wọ́n láti òkè délẹ̀, wọ́n á máa ná wọn bí ẹni ń ná ẹja, sẹ́ǹtì díẹ̀ fún wákàtí kan, ẹni tó bá gba owó tó kéré jù ni wọ́n ń mú lọ fọ ilé. Àwọn èèyàn ń pe àwọn ìkóríta yẹn ní ọjà ẹrú. Aláàánú ì bá fún wọn ní búrẹ́dì àti tíì. Dorothy lọ bá wọn sọ̀rọ̀, ó gbọ́ tẹnu wọn, ó sì lọ dúró níwájú ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú New York láti jẹ́rìí sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí wọn ní gbangba. Láti orí ẹni kan ó dé orí òfin. Tí ẹnikẹ́ni bá tún bi mí pé kí ni wọ́n ń kọ́ fún ọdún mẹ́rin, ìtàn yìí ni màá kọ́kọ́ sọ fún un.

Ní Nàìjíríà, oṣù Kejìlá ọdún 2022 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tó dá ìgbìmọ̀ tí yóò máa bójú tó iṣẹ́ yìí sílẹ̀, bí a ṣe ní èyí tó ń bójú tó iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti ti lọ́yà. Ó ti yẹ kó ti wà tipẹ́. Ẹni tó ń mú ọmọ kúrò lọ́wọ́ òbí rẹ̀, tàbí tó ń dá a padà, kò yẹ kó jẹ́ ẹni tó kàn ní ojú àánú.

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́. Ibo ni Dorothy ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró níwájú aṣòfin láìgbọ̀n? Kì í ṣe nínú kíláàsì. Láàárín àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ti kọ́ ọ. Ó wà lára àwọn adarí United Christian Youth Movement, ìṣọ̀kan àwọn ọ̀dọ́ Kristẹni. Ẹgbẹ́ yìí ló gbé e dé ìpàdé àgbáyé àwọn ìjọ ní Oxford ní 1937. Ní 1938, Eleanor Roosevelt, ìyàwó Ààrẹ Amẹ́ríkà, pè é pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ mẹ́sàn-án mìíràn sí ilé wọn ní Hyde Park kí wọ́n lè jọ ṣètò àpérò àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ṣe ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Vassar. Nínú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ni èèyàn ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé, bí wọ́n ṣe ń fún ẹni tó ń bínú láyè kó sọ tinú rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń dá owó jọ kí wọ́n sì jíhìn kọ́bọ̀ kọ́bọ̀. Ẹni tó ti jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ rí mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni kí ogún èèyàn tó fohùn ṣọ̀kan. Iṣẹ́ wẹ́fíà náà nìyẹn, àfi pé ti ẹgbẹ́ kì í ní fáìlì.

Lẹ́yìn náà ni Delta Sigma Theta, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́bìnrin aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà tí Dorothy wọ̀. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ti ń ṣì í gbọ́. Lẹ́tà èdè Gíríìkì ni wọ́n fi ń pe orúkọ wọn, wọ́n ní àwọ̀ aṣọ tiwọn, wọ́n ní àmì ọwọ́, wọ́n sì ní ètò ìwọlé tí wọn kì í sọ fún ará ìta. Tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ ní yunifásítì kan lọ́dọ̀ wa, òbí máa tètè ké sí ọlọ́pàá, mi ò sì ní dá a lẹ́bi. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méje dá ẹgbẹ́ Pyrates sílẹ̀ ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn ní 1952, kì í ṣe ìpànìyàn ni wọ́n torí rẹ̀ pàdé; àwọn ẹgbẹ́ mìíràn tó hù lẹ́yìn ìgbà yẹn ló sọ àáké àti ìbọn di ohun ìjà nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́. Ojú tí a fi rí ìyẹn la fi ń wo gbogbo ẹgbẹ́ tó bá ti ní àmì.

Ti Delta yàtọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin 22 ló dá a sílẹ̀ ní Yunifásítì Howard ní Washington, ní ọjọ́ 13 oṣù Kìíní ọdún 1913. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ní gbangba ni pé, ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ọdún yẹn kan náà, wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ ní ojú títì Washington pẹ̀lú àwọn tó ń béèrè pé kí obìnrin lè dìbò. Ìjọba mọ̀ wọ́n, orúkọ wọn wà nínú ìwé, ọ̀sán gangan ni wọ́n ń ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe. Èmi kò ní kò sí àléébù nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ o. Ìyà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àgbà fi ń jẹ ọmọ tuntun ti dá wàhálà sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà nígbà púpọ̀.

Ohun kejì tó máa ń rú èèyàn lójú ni pé Dorothy ti pé ọdún 35 nígbà tó di ààrẹ gbogbo Delta ní 1947, ó sì wà nípò náà títí di 1956. Báwo ni ẹni ọdún 35 ṣe ń darí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́? Lọ́dọ̀ wa, tí èèyàn bá ti gba ìwé ẹ̀rí, ipò rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ti parí. Ní ti Delta, ẹni tó bá wọ̀ ọ́ wà nínú rẹ̀ títí ayé, àwọn mìíràn kì í tiẹ̀ wọlé àfi lẹ́yìn yunifásítì, bíi ti Dorothy fúnra rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní àti ìyá àgbà tó ti fẹ̀yìn tì jọ ń san owó ẹgbẹ́ ni. Agbára tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí Dorothy jẹ́ ààrẹ, ẹgbẹ́ náà ra ọkọ̀ kan, wọ́n kó ìwé kún inú rẹ̀, ó ń yí abúlé ká ní ìpínlẹ̀ Georgia, níbi tí ọmọ aláwọ̀ dúdú kò ti rí ilé ìkàwé wọ̀. Owó tí akẹ́kọ̀ọ́ ń dá ti di iṣẹ́ wẹ́fíà.

Ní ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá ọdún 1937, wọ́n ní kí Dorothy lọ pàdé Eleanor Roosevelt lẹ́nu ọ̀nà YWCA Harlem, kó mú un wọ ibi ìpàdé àwọn obìnrin tí Mary McLeod Bethune pè. Bethune ló dá Àpapọ̀ Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Aláwọ̀ Dúdú sílẹ̀ ní 1935. Bí ọmọbìnrin náà ṣe fẹ́ yí padà, Bethune béèrè orúkọ rẹ̀, ó ní kó máa bọ̀ wá bá àwọn ṣiṣẹ́. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, ní 1957, Dorothy di ààrẹ ẹgbẹ́ yẹn, ó sì lò ó fún ogójì ọdún. Kò fi YWCA sílẹ̀ náà. Ó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n pinnu ní 1946 pé aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ funfun yóò máa jọ ṣe ohun gbogbo pọ̀, òun ni wọ́n sì fi ṣe olórí ẹ̀ka tó ń bójú tó ìdọ́gba ẹ̀yà ní 1965. Ìgbà tó fi ibẹ̀ sílẹ̀ ní 1977, ogójì ọdún ti pé.

Ọ̀pọ̀ mọ Martin Luther King tó jà fún ẹ̀tọ́ aláwọ̀ dúdú, ṣùgbọ́n wọn kò mọ Dorothy. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ ọdún 1963, orí pèpéle kan náà ló jókòó sí níbi ìwọ́de ńlá tí wọ́n ṣe ní Washington nígbà tí King sọ ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé ń rántí. Wọn kò fún obìnrin kankan láyè láti sọ̀rọ̀ bíi ti àwọn ọkùnrin tó ṣáájú ẹgbẹ́. Ó dùn ún, ó sì sọ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì gan-an, ó pe àwọn obìnrin jọ láti jíròrò ohun tó kàn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òun àti Polly Cowan, aláwọ̀ funfun kan, ṣètò kí àwọn obìnrin láti ìhà àríwá máa wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Mississippi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, aláwọ̀ dúdú àti funfun papọ̀. Lọ́jọ́rú, wọ́n á lọ wo iṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, wọ́n á bá àwọn ìyá ìlú náà jókòó mu tíì ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Lọ́jọ́bọ̀, wọ́n á padà. Ewu ńlá ni nígbà yẹn, torí wọ́n ń dáná sun ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì ń pa èèyàn.

Ní Mississippi yẹn ni àwọn ìyá ti sọ fún wọn pé ohun tó ká àwọn lára jù ni oúnjẹ. Wọn kò kó ìrẹsì ránṣẹ́. Àpapọ̀ Ẹgbẹ́ ti Dorothy àti Fannie Lou Hamer, ọmọ àgbẹ̀ tó mọ̀ pé ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ń pàdánù iṣẹ́ oko rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ohun tí wọ́n pè ní báǹkì ẹlẹ́dẹ̀ ní agbègbè Sunflower. Wọ́n á fún ìdílé kan ní abo ẹlẹ́dẹ̀. Tó bá bímọ, wọ́n á dá méjì nínú ọmọ rẹ̀ padà sí báǹkì fún ìdílé mìíràn, èyí tó kù di tiwọn, kí wọ́n pa á jẹ tàbí kí wọ́n tà á. Onílẹ̀ kankan kò lè lé èèyàn kúrò nídìí ẹran tó jẹ́ tirẹ̀.

Nígbà tí mo sọ ti ẹlẹ́dẹ̀ yìí fún ẹ̀gbọ́n mi, ó dákẹ́ díẹ̀. "Àbí ẹran sísìn ni wọ́n ṣe níbẹ̀?" Mo ní òun ni. Ó rán mi létí ewúrẹ́ tí ìyá wa fi bẹ̀rẹ̀, tí ìyá kan ládùúgbò fún un sìn lọ́dún tí bàbá wa kú, pé owó ọmọ ewúrẹ́ yẹn ni wọ́n fi san owó ìdánwò òun. Lẹ́yìn náà ló mú fóònù, ó pe ọmọ rẹ̀ ní yunifásítì, ó ní, "Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìgbà wo ni ìpàdé yín?"